Omi Tí A Rú fún Ojú Òkè

Ìgò tí mo jù ló kọ́kọ́ mọ ojú rẹ̀ kí èmi fúnra mi tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má fojú burúkú wò mí. Èmi kọ́ ni mo ní kó wá dúró síbẹ̀. Ìjà ń lọ lórí èbúté lọ́sàn-án gangan, àwa apẹja lápá kan, àwọn tó ń fa yanrìn lábẹ́ omi lápá kejì. Ọkọ̀ afayanrìn wọn gúnlẹ̀ láti wá ra epo, ẹ̀gbọ́n mi sì ti búra pé wọn kò ní rí epo rà lójú òun. Wọ́n fa irin yọ, àwa náà gbé àjẹ̀. Ẹnì kan là mí lẹ́nu, mo fi àjẹ̀ là á ní ìbàdí. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, inú mi sì ń dùn, torí ìjà kì í sú mi nígbà náà. Ìjọ̀gbọ̀n ni gbogbo èbúté ń pè mí, mo sì ń dáhùn.

Fọ́máànù wọn ni mo ju ìgò náà sí. Ọkùnrin gìrìpá kan ni, tí kò ní ọrùn, orí rẹ̀ kàn jókòó lé èjìká ni. Ó tẹrí ba. Ìgò gba òkè orí rẹ̀ kọjá, ó lọ bá obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tó gbé àpótí ńlá kan mọ́ àyà. Gbàù ló bà á lókè ojú òsì.

Obìnrin náà kò ké. Ó kọ́kọ́ gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan ojú, tó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ń bọ̀ tààrà sáàárín ìjà. Àwọn tó gbé irin sókè gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Iwájú mi ló dúró sí.

"Ìwọ lo jù ú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ ni mo jù ú sí."

"Mo mọ̀. Bó bá jẹ́ èmi lo jù ú sí, ò bá ti tàsé."

Ó sì fọ́ mi létí, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án. Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín, àwa àti àwọn ọ̀tá wa. Báyìí ni ìjà ọjọ́ náà ṣe parí.

Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń rán ojú rẹ̀ bi í pé kí ló ṣe é. Mo ti ń retí "mo ṣubú" tàbí "ilẹ̀kùn ló gbá mi", torí ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ nìyẹn.

"Ọkùnrin tó dúró síbẹ̀ yẹn ló ju ìgò lù mí," ó wí. "Ẹ má jẹ́ kó jáde o. Ẹ jẹ́ kó wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé."

Mo wò ó. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá wọlé, èmi ni mò ń fà sẹ́yìn. Ojú tirẹ̀ kò ṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti mú mi, níbi tí wọ́n ti ń rán ohun tí mo là. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún sọ fún èèyàn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

"Kí ló wà nínú àpótí yẹn," mo bi í, "tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀?"

"Àwo."

"Àwo oúnjẹ?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú dùn ún. "Ìwọ lo máa wà mí lọ síbi tí mo ti ń lò ó. Awakọ̀ tí mo bá ṣètò ti sá nítorí ìjà yín. Ẹni tó bá fọ́ni lórí ló ń gbéni kiri."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí omi etí òkun ṣe rú tó. Àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti ojú ọ̀run ló fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi sọ ọ́ ní Aláwòrán. Sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀, Ojú Òkè ni wọ́n ń pè é.

Àwo inú àpótí náà fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò. Wọ́n kun ún ní funfun àti dúdú, wọ́n sì so okùn gígùn tó ní àmì mọ́ ọn láàárín. A ó dé ibi tó bá tọ́ka sí, òun á sọ àwo sómi. Ibi tí àwo bá ti pòórá lójú rẹ̀ ló ti ń di okùn mú, tó ń ka àmì. Bí omi bá tòrò, àwo á lọ jìnnà kó tó pòórá. Bí omi bá rú, kíá ló ti lọ.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, mi ò pa ẹ́ńjìnnì. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́.

"Pa á!" ó pariwo.

"Omi ń gbé wa lọ!"

"Jẹ́ kó gbé wa lọ! Ẹ́ńjìnnì rẹ ń rú ẹrẹ̀ sókè láti ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ tìrẹ ni mo máa wọ̀n yẹn, kì í ṣe ti omi."

Ó ju àkísà tútù lù mí lójú. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́, a wá ń léfòó lọ bí ìdọ̀tí.

"Wò ó," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Oòrùn ń tàn sómi, omi ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè. Èyí tó bá rú ń dá a padà ju èyí tó tòrò lọ, torí ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Ìyẹn ni Ojú Òkè ń rí. Àmọ́ kò mọ iye ẹrẹ̀ tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ tó rí. Àfi kí ẹnì kan wà lórí omi nígbà tó bá ń kọjá, kó wọn ọ́n, ká lè fi èyí tí a wọ̀n wé èyí tó rí."

"Ojú Òkè kò mọ nǹkan kan láìsí ìwọ nìyẹn."

"Láìsí èmi àti Ìjọ̀gbọ̀n tó ń wà mí."

"Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìwọ ń wò ó láti òkèèrè, ìgò wá bá ọ nítòsí."

Ó rẹ́rìn-ín títí àwo fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dì í mú, mo sì di ọwọ́ tó dì í mú mú. Kò gbà á padà.

Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn náà. Yàrá kékeré kan ni, fáànù ibẹ̀ ń han bí eku, ife tíì mẹ́ta tó ti gbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ṣí àwòrán kan. Òkun wa ni, òkun tí mo ti ń wọ̀ láti kékeré, ó tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ. Láti ibi tí ọkọ̀ afayanrìn wà, ìrù kan tó pọ́n rúsúrúsú nà jáde, ó gba ojú ibi tí a ti ń dẹ àwọ̀n kọjá. Ó ṣí òmíràn, ìrù náà tún wà níbẹ̀.

Orí mi gbóná. "Àwọn ni wọ́n ń fi ẹrẹ̀ pa ẹja wa! Jẹ́ kí n lọ pe ẹ̀gbọ́n mi wá."

"Jókòó. Ó jọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n 'ó jọ' kò tó nílé ẹjọ́ tí ẹ̀yin apẹja pè wọ́n lọ. Ó ku kí n wọn omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn gan-an, lójú ìwòran Ojú Òkè. Bí mo bá ti ṣe ìyẹn, kò sí lọ́yà tó lè bì í wó."

Mo jókòó. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé kí n jókòó, kí n sì jókòó.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," mo wí.

"Mo mọ̀. Ìgò ti sọ fún mi." Ó fọwọ́ pa àpá ojú rẹ̀. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ìjọ̀gbọ̀n mi. Àmọ́ lọ́jọ́ tí o bá tún ju ìgò lu èèyàn, mi ò mọ̀ ọ́ rí."

Bàbá wa ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró bíi bàbá, òun náà sì ni olórí àwọn apẹja. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ti rí ìyàwó, ó bi mí pé ta ni. Mo sọ fún un. Ó gbá mi lẹ́nu, ètè mi là.

"Obìnrin ọ́fíìsì! Àwọn tó ń jókòó sábẹ́ fáànù, tí ẹja wa ń kú!"

"Ẹ̀gbọ́n, òun ló máa bá wa gba ẹjọ́ yìí."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ronú díẹ̀, ó sì fún mi ní àkísà kí n fi nu ẹnu. "Ó dáa. Bí Ojú Òkè rẹ̀ bá dá wa láre, ìyàwó wa ni, èmi fúnra mi ni máa jó wọ inú ilé yín. Bí kò bá dá wa láre, kó máa wá ọkọ lọ sí ọ̀run níbi tí ojú rẹ̀ wà."

Màámi ní tirẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wo àpá náà, ó wò mí, ó pòṣé. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ṣe èyí? O sì ṣì ń tẹ̀ lé e, ìwọ obìnrin yìí?"

"Mo ti fọ́ ọ létí, Mà. A ti dọ́gba."

Màámi rẹ́rìn-ín. Ó ní kó wá bá òun jẹun lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Ojú Òkè máa kọjá. A ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ afayanrìn lọ́sàn-án."

Ọ̀rọ̀ lásán ni. Kò sí ẹni tó fi etí méjì gbọ́ ọ nínú wa, bí mo ṣe rò.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀run mọ́ fáúfáú. A dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ afayanrìn, a bá a tó dákẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa yanrìn ti bàjẹ́ láti ìdájí, Fọ́máànù sì ń bú àwọn tó ń tún un ṣe. Aláwòrán sọ àwo sómi. Àwo lọ, ó ń lọ, a ṣì ń rí i.

"Omi ti ń tòrò," ó wí.

"Ìyẹn kò ha burú fún wa?"

"Kò burú, kò dára. Bó ṣe rí la máa kọ. A ó padà wá lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ wọn bá ń ṣiṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn wa. Ọkọ̀ apẹja ló ń bọ̀, wọ́n pọ̀, wọ́n kún ojú omi, ẹ̀gbọ́n mi sì dúró síwájú pẹ̀lú àdá ní ìbàdí. Mo rò pé ìjà ni wọ́n bá wá. Kí n tó pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀ omi yí ọkọ̀ afayanrìn ká. Àwọn mìíràn ń fi ọ̀pá gígùn gún ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ ń hó sókè bí ọbẹ̀.

"Ẹ rú u!" ẹ̀gbọ́n mi ń ké. "Ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́, Ojú Òkè kò gbọdọ̀ bá omi tó tòrò! Ẹ rú u kó pọ́n! Ojú ń bọ̀!"

Aláwòrán dìde nínú ọkọ̀. "Ẹ dúró! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń ba ẹjọ́ ara yín jẹ́!"

"À ń bá ọ ṣe é ni, ìyàwó wa!" Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀.

Irin àkọ́kọ́ wá láti orí ọkọ̀ afayanrìn. Ó bá apẹja kan lẹ́nu, eyín rẹ̀ fọ́n sómi. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó rántí Ojú Òkè mọ́. Òkúta, irin, ọ̀pá, èébú, gbogbo rẹ̀ ń fò. Wọ́n da epo gbígbóná sí ọkọ̀ kan, mo gbọ́ igbe tí mi ò lè gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi fo mọ́ okùn, ó gun òkè wọn. Ó ṣá ọkùnrin kan lápá. Ó yíjú sí ẹlòmíràn.

Fọ́máànù gbé ṣéènì. Ó fì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí mo wà, bí ìgbà tí èèyàn fọ́ àgbọn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú sómi, kò na ọwọ́.

Mo bẹ́ sómi.

Mi ò rí nǹkan kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo la ojú mi, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ẹrẹ̀ ni, òkùnkùn pupa. Mo ń fọwọ́ wá a bí afọ́jú. Mo jáde síta, mo mí, mo padà. Nígbà tí mo tún jáde, Aláwòrán ti ju àwo sómi níbi tó ti ṣubú, ó ń pariwo pé, "Tẹ̀ lé okùn! Tẹ̀ lé okùn lọ sísàlẹ̀!" Mo di okùn mú, mo tẹ̀ lé e. Àwo funfun yẹn wà lábẹ́ ọwọ́ mi, mi ò rí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kan ṣẹ́ẹ̀tì.

Àwa méjèèjì ló fa ẹ̀gbọ́n mi gòkè. Ẹrẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ó kún imú rẹ̀. Aláwòrán ń tẹ àyà rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ ń yí i láṣọ, títí mo fi sọ fún un pé ó tó. Oòrùn ń ràn. Kò sí ìkùukùu kankan lókè.

Àwọn ìbátan mi kò sunkún tó bí wọ́n ṣe ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti àdá mìíràn tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ nílé sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìjọ̀gbọ̀n ni wọ́n ń pè ọ́, àbí irọ́ ni?"

Mo lọ. Mo bá Fọ́máànù nínú àgọ́ wọn, níbi tó ti jókòó ti oúnjẹ tí kò jẹ. Àwọn ọlọ́pàá kò tíì wá mú un. Mo fi ẹ̀yìn àdá lù ú, egungun èjìká rẹ̀ dún. Ó ṣubú, mo gun àyà rẹ̀, mo yí ojú àdá síwájú, mo gbé e lé e lọ́rùn, níbi tí ọrùn ì bá wà.

Kò bẹ̀ mí. "Mo na ẹ̀gbọ́n rẹ ní ṣéènì," ó wí. "Mi ò sọ pé mi ò nà án. Mo ń wò bóyá ó máa jáde. Mo wò, mo wò. Omi yẹn pọ́n, mi ò rí i."

Ọwọ́ mi dúró. Èmi náà wò, mi ò rí i. Ta ló rú omi náà?

Mo bú sẹ́kún lórí àyà ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n mi. Níbẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti wá kó àwa méjèèjì. Wọ́n mú un lọ dúró de ẹjọ́ rẹ̀. Ní tèmi, òun ló sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ èjìká òun kò kan ẹnikẹ́ni, kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ.

Kí wọ́n tó tú mi sílẹ̀, Aláwòrán wá. Ó dúró sí òdìkejì irin. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Mo lè fẹ́ ẹni tó ju ìgò," ó wí. "Mi ò lè fẹ́ ẹni tó bẹ́ orí."

"Mi ò bẹ́ ẹ."

"Kí ló dá ọ dúró?"

Mo sọ fún un. Ó gbé orí ti irin, èmi náà gbé tèmi tì í níbẹ̀, a sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ọlọ́pàá fi ní ó tó.

Àmọ́ màámi ti sé ilẹ̀kùn. "Obìnrin yẹn kò ní wọ ilé mi. Ojú rẹ̀ ló pe ikú wá. Bí o bá fẹ́ ẹ, kí o ka èmi náà mọ́ òkú." Kò sí ìbátan tó dá sí i, torí ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó tutọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bí mi ni, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo lọ sọ fún Aláwòrán pé ó ti tán. Ó gbọ́ mi parí, ó mú báàgì rẹ̀, ó ní, "Èmi kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ fúnra wọn." Ó sì dìde, ó ń lọ sílé wa.

Màámi wà ní ìdí iná. Bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpótí ìjókòó, ó jù ú. Ó bá Aláwòrán ní orókún. Aláwòrán wó lulẹ̀, kò sì sá. Mo fẹ́ bọ́ sáàárín wọn, ó na ọwọ́ kí n dúró.

"Ẹ jù ú, Mà. Bó bá ku òmíràn, ẹ jù ú."

Kò sí òmíràn. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Ó ní, "Wọ́n ní Ojú Òkè ń wò lọ́jọ́ náà."

"Ó ń wò, Mà."

"Ó ní àwòrán?"

"Ó ní."

"Fi hàn mí."

Aláwòrán yọ ọ́ jáde. Màámi gbé e súnmọ́ ojú. Òkun mọ́ roro yíká, àyàfi ojú kan ṣoṣo láàárín rẹ̀ tó pọ́n bí egbò.

"Ọmọ mi dà níbẹ̀?"

Mo mọ̀ pé ó lè fi ìka kan ibì kan. Màámi ì bá gbà á gbọ́, ì bá fi ẹnu kò ó, ì bá gbé e kọ́ ògiri.

"Kò sí níbẹ̀, Mà," ó wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èèyàn kéré jù fún ojú yìí. Kò lè rí èèyàn. Ẹrẹ̀ nìkan ló ń rí."

Màámi fi àwòrán náà lé itan. Ó fọwọ́ pa ojú pupa yẹn bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

"Èmi ni mo sọ ọjọ́ náà fún un," ó wí. "Ó ń jẹun lọ́wọ́. Mo ní ìyàwó àbúrò rẹ kò lè wá jẹun lọ́jọ́ báyìí, Ojú Òkè ń kọjá. Inú rẹ̀ dùn. Mo rò pé ìyàwó ló ń dùn mọ́ ọn."

Ó tẹ́ àwòrán náà gún lórí itan, ó tún bèèrè pé, "Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń ba omi jẹ́? Àbí asán lọmọ mi kú lé lórí?"

"Òótọ́ ni, Mà. Ó ti hàn nínú gbogbo àwòrán tó ṣáájú. Ọjọ́ tí wọ́n rú u nìkan la ò lè lò. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn ṣe fọ́máànù, ẹ̀rọ wọn sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó kù kí ẹnì kan padà síbẹ̀ pẹ̀lú àwo."

"Ta ló ń lọ?"

"Èmi ni. Bí ẹnì kan bá gbà láti wà mí."

Màámi wò mí, ó wo orókún Aláwòrán tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Mo ń bá yín lọ," ó wí.

Ọjọ́ tí a lọ, màámi jókòó sí àárín ọkọ̀. Ẹ̀rọ ọkọ̀ afayanrìn ń bú ramúramù. Àwọn òṣìṣẹ́ orí rẹ̀ rí wa, ọ̀kan gbé irin, ó rí ìyá arúgbó, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ mi ń yún mi. Mo jókòó lé e.

Mo pa ẹ́ńjìnnì níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí gbé wa díẹ̀díẹ̀. Aláwòrán mú àwo, kò lè sọ ọ́ sómi. Ó dì í mọ́ àyà.

"Fún mi," ni màámi wí.

Ó gba okùn, ó jẹ́ kó máa yọ́ lọ. Àwo funfun náà wọ omi. Kò tíì jìnnà tó apá èèyàn tó fi pòórá. Màámi di okùn mú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ kejì bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń wo ibi tí ìka rẹ̀ ì bá wà.

"Ibí ló ti lọ?"

"Ibẹ̀ ni, Mà."

"Kọ ọ́ bó ṣe rí. Má fi ti ọmọ mi kún un."

Aláwòrán kọ ọ́. Omijé rẹ̀ ń kán, ó ń nù ún kó má ba ìwé jẹ́. Màámi fa àwo gòkè, ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nù ún gbẹ, ó gbé e sórí itan. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó fọwọ́ bo oòrùn.

"Ìyàwó wa."

Ẹni tó kọ́kọ́ pe Aláwòrán bẹ́ẹ̀ ti kú níbẹ̀. "Mà," ó dáhùn.

"Ṣé ó ń wò wá báyìí?"

"Ó ń wò wá."

"Kò sì rí wa?"

"Kò rí wa, Mà. Omi nìkan ló ń rí."

Màámi yí ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí òkun. "Ẹ di ara yín mú nígbà náà," ó wí. "Kò sí ẹni tó ń wò yín."